Àwọn Ọ̀pẹ Abà Àjàní

Ọmọkùnrin tó wá fi ọ̀dà funfun sàmì sí ìdí ọ̀pẹ ni Ọlálẹ́yẹ kọ́kọ́ lù. Pẹlẹbẹ àdá ló fi gbá a létí, kì í ṣe ojú àdá, nítorí kò fẹ́ pa á. Síbẹ̀ etí náà ya, ẹ̀jẹ̀ bo ọrùn ọmọ ọlọ́mọ, garawa ọ̀dà dojú dé sínú koríko, ọmọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà Olódò lọ. Àbíkẹ́, ìyàwó Ọlálẹ́yẹ, wà nídìí ọ̀pẹ kejì, ó ń da ẹmu àárọ̀ láti inú akèrègbè sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó gbé akèrègbè sílẹ̀, ó ní:

“Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ ti kó wa sí wàhálà o! Ọmọ yẹn máa lọ kó wọn wá.”

“Kó kó wọn wá,” ni Ọlálẹ́yẹ wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá kan náà ha ọ̀dà kúrò lára ọ̀pẹ. Ó ń rọra hà á kó má baà dá ọgbẹ́ sí i lára, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya etí èèyàn.

Lẹ́yìn Olódò, bí a bá ń lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, ni Abà Àjàní wà. Ìgbà Sáàpù ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí bíà wọ́n ju ẹran lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń fi ìgò ṣe fáàrí wá ń fi ife ike mu ẹmu bíi gbogbo ayé. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìyá Ṣìkẹ́mi ti dé?” kí wọ́n tó béèrè ìyàwó wọn. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu náà wu ìyẹ̀fun, nítorí ohun tí wọ́n ń fi wù ú tẹ́lẹ̀ ti wọ́n jù. Kò sí ìtọrọ ìyàwó kan lágbègbè yẹn tí kẹ́ẹ̀gì Àbíkẹ́ kò dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kì í parí ìjà ẹbí láìfi ẹmu Ọlálẹ́yẹ parí ẹ̀. Ẹmu yẹn ló rán Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ wọn lọ síléèwé àwọn olùkọ́. Ẹmu yẹn ló kan páànù sórí ilé wọn. Bí wọ́n bá gba igbó ọ̀pẹ yẹn lọ́wọ́ wọn, kò sí ohun mìíràn tí ọkọ àti aya náà mọ̀ ọ́n ṣe láyé.

Àjàní, bàbá bàbá Ọlálẹ́yẹ, ló ro igbó kúrò lára àwọn ọ̀pẹ náà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Wọ́n ní orúkọ. Onígègé wà, tí ọrùn rẹ̀ wú. Arọ wà, tó tẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Èyí tó ga jù, tó sì ń ṣe ẹmu jù, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Bí Ọlálẹ́yẹ bá fẹ́ gùn ún láàárọ̀, á kọ́kọ́ kí i.

Ta ló wá tà wọ́n? Hezekiah ni. Ẹ̀gbọ́n Ọlálẹ́yẹ ni, ọmọ ìyá kan náà. Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí kí a pè é ní “wọ́n” nínú ìtàn yìí máa retí pẹ́. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà, kò sì tọ́ ẹmu wò mọ́ láti ìgbà tó ti wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó dun ni pé ó jókòó sí Ìbàdàn, ó ta igbó ọ̀pẹ náà fún ọkùnrin kan tó fẹ́ pín in ní pulọ́ọ̀tì, kò sì sọ fún àbúrò rẹ̀ títí ọlọ́dà fi dé.

Lọ́jọ́ kejì tí etí ya, Hezekiah fúnra rẹ̀ dé, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ọlálẹ́yẹ, ìwọ lo lu ọmọ èèyàn?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti ta ọ̀pẹ mi?”

“Ilẹ̀ ni mo tà. Ilẹ̀ bàbá mi ni, èmi sì ni àkọ́bí.”

“Àwọn igi tó wà lórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Ta ló ń gùn wọ́n?”

“Igi ọtí!” Hezekiah na ìka sí orí Ìyá Àgbà. “Ọtí ni gbogbo ẹ̀. Ọtí ló pa bàbá wa.”

Àbíkẹ́ ń bó gbágùúdá tó rẹ sómi fún fùfú. Ó gbójú sókè. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní í lọ lásán.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ mọ́ òkú,” ni Ọlálẹ́yẹ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ ló já. Igbà tó ti gbó. Owó tí bàbá ìbá fi ra okùn tuntun, owó iléèwé yín ni wọ́n fi san. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kàwé, èmi ni mo ń gun igi. Inú ẹmu yìí ni ṣòkòtò tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ti jáde.”

“Ṣé èmi ni mo ní kí o máa gun igi bí ọ̀bọ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí àbúrò fi fọ́ ọ létí. Ó dún wàì! Adìẹ tó wà nítòsí fò. Àbúrò gbá ẹ̀gbọ́n létí, lójú ìyàwó, lójú ọ̀sán gangan! Àbíkẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Hezekiah dúró bí ẹni tí kò gbà pé òun ni wọ́n gbá, ó wá fi orí kan àbúrò rẹ̀ nínú, àwọn méjèèjì sì wó lulẹ̀. Wọ́n ń yí gbiri nínú ẹrẹ̀. Hezekiah ti eyín bọ apá Ọlálẹ́yẹ, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀, Ọlálẹ́yẹ fa sùtánà ya dé ìdí, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí irun ti ń funfun lórí wọn o! Àbíkẹ́ ké títí, wọn ò gbọ́. Ó gbé ìkòkò fùfú, ó da omi tó ti ń rùn náà lé wọn lórí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tú ká.

Hezekiah dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ àti ègé gbágùúdá jáde lẹ́nu. “O lù mí. Ó dára. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, wọn ò ní í bá ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ti gbowó wọn, mi ò lè dá wọn dúró mọ́.”

Nígbà tó lọ tán, Àbíkẹ́ ń fi omi gbígbóná jó ojú ibi tí eyín ti wọ apá ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n. Bóyá wọ́n á dá mélòó kan sí fún wa.”

“Bẹ ta ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́.”

“Àbíkẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó gé e mọ́ mi.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà gan-an, nítorí ó mọ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ti lọ bá baálẹ̀, baálẹ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù. Òun náà ti jẹ nínú owó ilẹ̀ náà, sùúrù sì rọrùn fún un.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí á tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn adẹ́mu ibẹ̀ ní òfin kan. Bí ọkùnrin bá wà lórí ọ̀pẹ, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó má baà ta gìrì kó jábọ́. Ẹni tó bá ń wá a á mú òkúta, á fi kan ìdí ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, ti òkè á sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ó ju ìpè lásán lọ. Ẹni tó bá kan ọ̀pẹ ti fi ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ lọkùnrin náà gbà, bí o bá ti kan ọ̀pẹ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi tú igbà kúrò ní ìbàdí, tí ẹ ó sì jọ dúró sọ ohun tó wà nílẹ̀. Bákan náà, ẹni tí wọ́n bá kàn fún kò gbọdọ̀ kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan rú u. Ọmọ adẹ́mu ni Hezekiah. Ó mọ̀ ọ́n kó tó mọ ABD.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Píkọ́ọ̀pù ló kó wọn wá, pẹ̀lú àáké àti ẹ̀rọ ìgégi kan tó ń bú ramúramù. Ọlọ́runṣògo lorúkọ olórí wọn, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ tí ọrùn rẹ̀ ki, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ọlálẹ́yẹ ti gbọ́ ìró mọ́tò. Ó ti wà lórí Ìyá Àgbà.

“Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!” ni Ọlọ́runṣògo pariwo. “Igi ni wọ́n ní ká gé, wọn ò ní ká gé èèyàn!”

Onígègé ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Ó mi, ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè lọ́rùn, ẹmu sì tú yàà sórí ilẹ̀. Àbíkẹ́ ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Ọlálẹ́yẹ ò ké. Ó fa àdá yọ, ó gé ìdì ẹyìn kan tó pọ́n, ẹ̀gún àti gbogbo ẹ̀, ó sì jẹ́ kó já bọ́. Ó bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà lórí. Orí bẹ́, ọmọkùnrin náà wó sẹ́yìn láìwí nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Akèrègbè tó kún fẹ́mu tẹ̀ lé e, ó bá ẹlòmíràn léjìká, a gbọ́ bí eegun ṣe kán. Ó di bóo lọ o yà fún mi. Gbogbo wọn sá kúrò nídìí Ìyá Àgbà, wọ́n ń ṣépè. Ọlọ́runṣògo ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un. “Ó fẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kó kú.”

Àbíkẹ́ sáré, ó gbá ìdí ọ̀pẹ mú, ó fi àyà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fà á, kò tú. Wọ́n gbá a lójú, kò tú. Ọ̀kan fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Àbíkẹ́ bù ú jẹ nítan títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì di irun rẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ kúrò níbẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ti fẹnu kan ara igi nígbà tí Hezekiah sáré dé.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró, mo bẹ̀ yín! Ẹ jẹ́ n mú un sọ̀ kalẹ̀ fún yín.”

Òun àti Ọlọ́runṣògo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀. Ọlọ́runṣògo pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Hezekiah mú òkúta nílẹ̀, ó lọ bá Ìyá Àgbà.

Kó. Kó. Kó.

Ọlálẹ́yẹ bojú wo ìsàlẹ̀. Ó rí ẹni tó kan igi.

“Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o!” Àbíkẹ́ ń pariwo láti ibi tí wọ́n dì í mú sí. “Bàbá Ṣìkẹ́mi, wọ́n fẹ́ pa yín! Ẹ má sọ̀ kalẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n mi ti kàn án, Àbíkẹ́.”

“Òfin yẹn ò kan àwọn wọ̀nyí! Wọn ò mọ̀ ọ́n!”

“Èyí tó kàn án mọ̀ ọ́n.”

Ó ki àdá bọ inú àkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀ láràárọ̀, ó ń gbé igbà sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì. Kò gbé àdá náà dání, inú àkọ̀ ló kì í sí! Ẹni tó bá mọ bí ọkùnrin náà ṣe lágbára tó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ máa gé ìka jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti tú igbà tó yí òun àti ọ̀pẹ ká. Kò tíì tú u tí Ọlọ́runṣògo fi gba ẹ̀yìn yọ, ó sì fi àáké gbá a lórúnkún.

Ẹ̀yìn àáké ni, ṣùgbọ́n orúnkún náà fọ́. Ọlálẹ́yẹ fẹ́ ṣubú, kò lè ṣubú, nítorí igbà so ó mọ́ igi. Ó rọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń lù ú. Igi ni wọ́n fi lù ú, àti bàtà, àti ọwọ́. Ẹni tí eegun èjìká rẹ̀ kán ń fi ọwọ́ kejì lù ú. Wọ́n tún gbá orúnkún náà lẹ́ẹ̀kejì. Ojú kan ṣoṣo ni Ọlálẹ́yẹ ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!” Hezekiah ń sunkún, ó ń fo sókè, ó ń fo sódò. “Ẹ ní ẹ máa kàn dì í mú ni! Ẹ ní ẹ ò ní í lù ú!” Bóyá ó gbà wọ́n gbọ́ lóòótọ́, bóyá kò gbà wọ́n gbọ́, orúnkún Ọlálẹ́yẹ ò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn tó di Àbíkẹ́ mú ti gbàgbé rẹ̀. Ó já wọ àárín wọn, ó fa àdá ọkọ rẹ̀ yọ nínú àkọ̀, ó gé igbà, ọkọ rẹ̀ wó lulẹ̀ wìì, ó sì yí padà, ó ju àdá náà sí Ọlọ́runṣògo láìwo ibi tó máa bà. Apá ló bà. Ẹran là, funfun kọ́kọ́ yọ kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Ọlọ́runṣògo ta á nípàá níkùn, ó ṣubú lé ọkọ rẹ̀ lórí, kò sì dìde mọ́. Ó fi ara rẹ̀ bo ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ló wà tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé wọn, Arọ, Ìyá Àgbà, gbogbo wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wó, ilẹ̀ á mì lábẹ́ rẹ̀, ara Ọlálẹ́yẹ náà á sì mì.

Bàbá kan tó ń to eegun ní Ẹgbẹ́dá ló gba ẹsẹ̀ náà tọ́jú. Ó tò ó, ó dì í, ó sì sọ òótọ́ fún wọn. Ẹsẹ̀ náà á rìn. Kò ní í gun nǹkan kan mọ́ títí ayé. Ọlálẹ́yẹ kọ ojú sí ògiri. Hezekiah wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọsàn dání. Àbíkẹ́ kó ọsàn náà, ó ń jù ú lù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé e dé títì.

Nígbà tí oúnjẹ tán nílé, ó padà lọ sí igbó láti ṣẹ́gi. Àwọn ọ̀pẹ náà nà sílẹ̀ bí òkú ogun. Ẹni tó ra ilẹ̀ ń dúró de katapílà, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n orí wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Igi tó ti kú ò gbọdọ̀ tutù bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́ dúró, ó ń wò wọ́n.

Gánà ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá Kùmásí, kí wọ́n tó lé àwọn àlejò kúrò níbẹ̀. Àwọn adẹ́mu ibẹ̀ kì í gun ọ̀pẹ. Wọ́n á bì í lulẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó sùn síbẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá gbẹ́ ihò sí i lọ́rùn, ẹmu á sì máa sun jáde títí gbogbo ohun tó wà nínú igi náà á fi tán. Ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í, á máa fi imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jó ṣe èéfín sí ojú ihò náà. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ, kò rántí rẹ̀ rí, nítorí ta ló máa pa ọ̀pẹ rẹ̀ nítorí ẹmu?

Ó mú àdá. Ó gé imọ̀ orí Ìyá Àgbà kúrò, ó wá ibi tó rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ. Mùjíbátù aládùúgbò rẹ̀ ń kọjá, ó ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀.

“Àbíkẹ́! Obìnrin kì í dá ẹmu! Èèwọ̀ ni!”

“Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ ni wọ́n wí. Ṣé o rí mi lókè ni?”

“Ọkọ ẹ máa pa ẹ́.”

“Wọ́n ti bá a pa mí lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọ̀pẹ yìí.”

Ẹmu dé. Kò kọ́kọ́ pọ̀, ó wá ń pọ̀ sí i, títí akèrègbè kò fi gbà á mọ́. Ó dùn ju oyin. Ó ń gbé e lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n ń jà lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́runṣògo wá fi ẹsẹ̀ fọ́ akèrègbè kan, ó ní ilẹ̀ ọ̀gá òun ni. Àbíkẹ́ fi ẹ̀yìn àdá gbá a ní kókósẹ̀, ọmọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́nrọ́pọ́nrọ́ dé ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó wá mọ́. Ó fi owó ẹmu náà bọ́ ilé, ó fi tọ́jú ẹsẹ̀. Kò sọ ibi tó ti ń rí i fún ọkọ rẹ̀.

Òórùn ẹmu lára ìró rẹ̀ ló tú u fó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kadà gbé Ọlálẹ́yẹ dé inú igbó. Ó sọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá. Ó rí Ìyá Àgbà nílẹ̀, ó rí ihò lọ́rùn rẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú èéfín. Ó gbé ọ̀pá, ó sì là á mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Ìwọ náà! Ìwọ náà ń jẹ òkú rẹ̀!”

Ó tún là á. Àbíkẹ́ dìde, ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú igbó. Ọlálẹ́yẹ ṣubú lé orí igi.

“Ẹ tún lù mí! Kí lẹ jẹ láàárọ̀? Kí ni mo fi to eegun yín? Mo sunkún ọ̀pẹ yìí jù yín lọ, ẹ̀yin ń kọjú sógiri. Kó jẹrà síbẹ̀ ló dára lójú yín?” Ó bu ẹmu sínú ife, ó nà án sí i.

Ọlálẹ́yẹ gbà á. Ó mu ún. Ó jókòó lórí Ìyá Àgbà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara igi náà tó ti ń dúdú. “Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gùn ún,” ló wí, “díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbà, kó lè wà láàyè. Mi ò mọ̀ pé ó ní tó báyìí nínú.”

Ibẹ̀ ni Hezekiah bá wọn. Sùtánà ló wọ̀. Ó dúró lókèèrè, ó ní, “Katapílà ń bọ̀ lọ́la. Mo ní kí n sọ fún yín, kí ẹ lè kó ohun tí ẹ bá fẹ́ kó.”

Kò yẹ kó sún mọ́ tòsí. Ó sún mọ́ ọn, ó fẹ́ fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ di ọrùn sùtánà náà mú, ó fà á wálẹ̀, ó gùn ún, ẹsẹ̀ tó dáa ló fi tẹ̀ ẹ́ láyà. Kí Àbíkẹ́ tó ṣẹ́jú, àdá tó fi ń gbẹ́ ọ̀pẹ ti wà lọ́rùn Hezekiah. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ti ń ṣàn sára aṣọ funfun.

“Ìwọ lo kàn án,” ni Ọlálẹ́yẹ wí. Kò sọ “ẹ̀yin” fún un mọ́. “Mo wo ojú ẹ, mo sọ̀ kalẹ̀.”

“Pa mí,” ni Hezekiah wí. “Pa mí, Ọlálẹ́yẹ, mi ò sùn láti ọjọ́ náà.”

Ọwọ́ Ọlálẹ́yẹ le. Àbíkẹ́ rí i pé ó máa ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ tó mú àdá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Wọ́n ti gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gba ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá pa á, ìjọba á gba ẹ̀yin náà. Kí ló máa kù fún mi? Ẹ dá mi lóhùn! Kí ló máa kù fún èmi?”

Ọlálẹ́yẹ ń mí gùlegùle. Kò gbé àdá kúrò. Ó ní, “Bu ẹmu wá.”

Àbíkẹ́ bù ú.

“Mu ún,” ni Ọlálẹ́yẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Òun ló rán ọ níléèwé. Ìwọ lo pa á. Mu ún.”

Hezekiah mu ún. Ìdajì rẹ̀ ń dà sí i lágbọ̀n. Ọlálẹ́yẹ ní kí wọ́n tún bu òmíràn, ó mu ìyẹn náà, ó ń mu ún, ó ń sunkún, títí ife fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni Ọlálẹ́yẹ sọ àdá sílẹ̀. Ó yí kúrò lórí rẹ̀, ó sùn gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, ó fi apá bo ojú. Hezekiah dìde, ó lọ. Wọn kò tún bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ kejì, bí katapílà ṣe ń wọ igbó láti ẹ̀gbẹ́ kan ni Àbíkẹ́ ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jáde láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Ìyànà Ọ̀fà, ìyá kan ti ń dúró dè é, ìyá tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ọmú rẹ̀ kọ̀ tí kò yọ. Ẹmu tútù ni wọ́n ń fún irú abiyamọ bẹ́ẹ̀ mu. Ìyá náà tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ là.

“Ìyá Ṣìkẹ́mi, ẹ kúuṣẹ́ o! Èyí tí mo rà níjẹta, ọmú ọmọbìnrin yẹn ya bí omi ẹ̀rọ. Ẹmu yín ò dùn tó báyìí rí. Kí lẹ fi sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì kan sọ́tọ̀ lọ́la.”

“Kò ní í sí lọ́la, Màmá. Wọ́n ti pa gbogbo ọ̀pẹ wa. Èyí tí ẹ̀ ń mu yìí ni ìgbẹ̀yìn wọn.”

Obìnrin náà gbé ife kúrò lẹ́nu. Àbíkẹ́ bá a rọ ẹmu sínú ìgò, ó dé e, ó fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí wọ́n ṣe ń ké òkú.